Ìkíni Òkè ní Abìyẹ́

Ọ̀sán gangan ni Aṣọ́lé wo àwọn apànìyàn lójú, tó sì jẹ́ kí wọ́n wọ ìlú.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa bú ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ní Abìyẹ́ láyé ìgbà náà. Abúlé ni, ó jìnnà sí ìlú ńlá, ṣùgbọ́n kò sí agbolé tí kò ní bàálù tirẹ̀. Ibi tí àwọn baba ńlá wọn ń so ẹṣin mọ́ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń gbé bàálù sí. Gbogbo ilé kọjú sí pápá gígùn kan tí wọ́n jọ ń lò láti gbéra àti láti balẹ̀. Àgbẹ̀ á fò lọ ta iṣu láàárọ̀, á sì padà wá jẹun ọ̀sán nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìkíni òkè: yóò fò dé orí ilé Baálẹ̀, yóò pa rédíò rẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ń ṣí fìlà fún àgbà, yóò sì tẹ imú bàálù ba lẹ́ẹ̀mẹta kó tó balẹ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ láìkí, kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, kódà kó jẹ́ ẹni ogójì ọdún.

Ìbídùnní, ìyàwó Akínwándé ọmọ Baálẹ̀, ló ṣe Aṣọ́lé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí àwọn adigunjalè òfuurufú jó abúlé méjì nítòsí, ó gbé ẹ̀rọ olójú mẹ́rìnlá kan sórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Iná tó ń yọ lápá ẹ̀rọ náà ń gé irin bí ẹni ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàálù tó bá ti dorí kọ ilé, Aṣọ́lé á gé e lulẹ̀; èyí tó bá balẹ̀ tààrà sórí pápá nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. Pípa ẹ̀kọ́ rẹ́ lọ́pọlọ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ kíkọ́ ọ ní òmíràn ń gba odidi wákàtí.

Baálẹ̀ yarí. “Ìbídùnní, ṣé ẹ̀rọ rẹ yóò wá máa pa ọmọ tó ń kí bàbá rẹ̀ ni?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kí yín tí wọ́n bá balẹ̀ tán.”

“Kọ́ ọ pé ẹni tó bá kí wa lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ wa ni. Ọ̀tá kì í kíni.”

“Ọ̀tá á kíni, Bàbá, tó bá mọ̀ pé torí ẹ̀ la ó ṣe ṣílẹ̀kùn.”

Akínwándé gbè sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ìjà ilé. Ìbídùnní kọ́ ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe fẹ́, pẹ̀lú ìbínú.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Akínwándé ti gbé aláboyún kan lọ sí ọsibítù. Bàálù mẹ́rin yọ lẹ́yìn òkè. Wọ́n tẹ imú ba lórí ilé Baálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Aṣọ́lé ò sì mira. Baálẹ̀ tó jókòó níta tilẹ̀ ti na ọwọ́ sókè, ó ń súre fún wọn. Wọ́n yìnbọn gba àyà rẹ̀ kọjá. Wọ́n wá ń da iná sórí ilé láti orí kan pápá dé ìkejì. Ìyá arúgbó kan jáde tòun ti iná lára, kò rìn ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ tó fi ṣubú. Ọkùnrin méjì tó fẹ́ gbé bàálù wọn jáde, inú rẹ̀ ni wọ́n jóná sí.

Ìbídùnní la èéfín kọjá dé ìdí òpó, ó pa ẹ̀kọ́ ìkíni rẹ́. Lójú ẹsẹ̀, Aṣọ́lé gé bàálù méjì sí wẹ́wẹ́, àwọn tó wà nínú wọn sì ń já lulẹ̀ gbì, gbì. Méjì tó kù sá padà sẹ́yìn òkè, wọ́n ń rábàbà níbẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tó fara gbọta sá kọjá lórí pápá.

Ìgbà náà ni rédíò sọ̀rọ̀. Akínwándé ni.

“Ìyá Mopé, mo ti délé tán o. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ti ọmọ. Èéfín kí nìyẹn?”

“Àwọn adigunjalè ló wá. Ẹ yí padà, Bàbá Mopé.”

“Epo mi ò lè gbé mi padà. Bàbá ńkọ́?”

Ìbídùnní wo òkú náà níwájú ilé. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. “Wọ́n wà níta. Ẹ ṣáà balẹ̀ tààrà, ẹ má kí wọn lónìí.”

“Lónìí tí ọ̀tá kọlù wọ́n, ni kí n fò kọjá lórí wọn láìkí? Jẹ́ kí ìjà ìwọ àti Bàbá sinmi, jọ̀ọ́.”

“Kì í ṣe ìjà. Aṣọ́lé yóò…”

Rédíò ti dákẹ́. Akínwándé ti pa á.

Okùn kan wà nídìí òpó náà. Tí wọ́n bá fà á, Aṣọ́lé yóò kú pátápátá. Ìbídùnní gbá a mú. Bàálù ọkọ rẹ̀ ti yọ lókè ilé Baálẹ̀. Àwọn méjì ẹ̀yìn òkè náà tún ti ń bọ̀, ọgbọ̀n ènìyàn sì wà lórí pápá gbalasa. Ó ń ké orúkọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fa okùn náà.

Akínwándé tẹ imú bàálù ba lẹ́ẹ̀kan péré. Iná Aṣọ́lé là á sí méjì, apá kan bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́, èkejì fọ́ sẹ́bàá pápá. Nígbà tí àwọn adigunjalè rí i pé ẹ̀rọ náà kò dá ẹnì kankan sí mọ́, wọ́n sá lọ pátápátá.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n tẹ́ bàbá àti ọmọ sórí ẹní kan náà. Olóyè Ẹ̀gbẹ́yẹmí, tó jẹ́ igbá kejì Baálẹ̀, ló pe Ìbídùnní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Akínwándé bá ọ sọ̀rọ̀ kó tó dé. Ṣé o sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú?”

“Rárá, Bàbá. Mo fi pa mọ́ fún wọn.”

Olóyè gbé ọwọ́ lé e léjìká. “O ṣeun, ọmọ mi. A kì í túfọ̀ bàbá fún ọmọ lójú ọ̀nà. O ṣe bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.”

Ìbídùnní bú sẹ́kún. Ì bá sàn fún un kí Olóyè gbá a létí. Kò sí àṣà Abìyẹ́ tí kò bá jà rí; èyí kan ṣoṣo tó bọ̀wọ̀ fún ló pa ọkọ rẹ̀.