Ilé Orí Òkè Tí Owó Rẹ̀ Já Wálẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni owó ilé náà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí okùn garawa bá já sínú kànga.

Maati wà lórí àtẹ̀gùn àjà kẹrin ilé kan ní Kasabúláńkà, ó ń ka mítà omi. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń gun àtẹ̀gùn ilé onílé. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ro ó, ó sì ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì. Fóònù dún. Bushta, alágbàtà ilé, ló ń pè é.

"Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́."

"Níbo ni kí n jókòó sí? Orí àtẹ̀gùn ni mo wà."

"Ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn náà. Onílé orí òkè ti gbà! Iye tẹ́ ẹ pè, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú ìdá kan ṣoṣo wá."

"Bushta, ṣé kì í ṣe oòrùn ló pa ẹ́?"

"Ẹ ṣáà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má mú ìyàwó wá ná."

Maati jókòó lóòótọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó yẹ kí àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn bèèrè ohun tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni òun àti Tamu ìyàwó rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ ilé yìí. Yàrá méjì tí wọ́n ń gbé, Ilham ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀ fún. Àwọn á wá ibòmíràn darúgbó sí, owó tí wọ́n tù jọ kò sì lè ra ju ilé kan lọ. Tamu fẹ́ El Jadida, létí òkun. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, oníbàárà á rí òun tó ń ránṣọ, Ilham á lè máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Maati fẹ́ orí òkè lẹ́yìn ìlú Demnate, níbi tí igi ólífì wà, tí kò sí àtẹ̀gùn.

"Ólífì ò mọ abẹ́rẹ́ gún o, Bàbá Ilham," Tamu a máa wí. "Lọ́jọ́ tí àìsàn bá gbé yín ṣánlẹ̀, ṣé igi ni kí n ké sí?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹja ló máa gbé mi dé ọsibítù?"

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n á kàn kẹ̀yìn síra lórí oúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìpè yẹn ni Maati fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ìwé ikú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun àti Bushta ń mu tíì eléwé, wọ́n ń nájà ilé náà, ó wá fi àwàdà sọ pé, "Owó ò sí, ọmọ mi. Àfi kí ìyàwó mi wá bá mi wú wúrà nínú ilẹ̀. Ṣebí zuhri ni."

Ife tíì Bushta ò dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ zuhri nílẹ̀ náà. Ẹni tí ìlà kan ṣoṣo gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ já gbọọrọ ni. Wọ́n ní àwọn àlùjọ̀nnú tó ń ṣọ́ wúrà abẹ́ ilẹ̀ kì í lè kọ ẹ̀jẹ̀ irú wọn. Ìdí nìyí tí ìyá Tamu fi ń lé làálì sí i lọ́wọ́ láti kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìlà náà. Tamu dàgbà, ó ń lé e fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún, lóṣù tí wọ́n ṣègbéyàwó.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Maati dé orí òkè. Ilé náà dára. Ògiri amọ̀ tó nípọn, àgbàlá, igi ólífì mẹ́rin. Ó simi lẹ́nu ọ̀nà, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Bushta mú un wọ yàrá ẹ̀yìn tí kò ní fèrèsé. Èéfín tùràrí kún ibẹ̀. Arúgbó tín-ín-rín kan jókòó sórí awọ àgùntàn, ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ti dókítà. Àfáà Jilali ni, onílé náà.

"Ẹ káàbọ̀ sílé yín, Maati."

"Kò tíì di tèmi, Àfáà."

"Ó ti di tiyín. Èwo lẹ fẹ́, òkè àbí òkun?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ó ti rẹ̀ yín, mo rí i lẹ́sẹ̀ yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yan ọ̀kan? Ẹ ra méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wo òkun, kẹ́ ẹ̀yin náà sùn lábẹ́ ólífì."

Ó ká ẹní kúrò nílẹ̀.

Ihò ńlá ló wà lábẹ́ ẹní, ó jìn tó ènìyàn méjì lórí ara wọn, wọ́n sì ti gbẹ́ ẹ wọ abẹ́ ògiri. Òtútù ń ti ibẹ̀ jáde. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀. Àfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ihò náà, ó ń pè é:

"Aṣọ́lẹ̀ tí kì í sùn, mo ké sí ọ, má ké sí mi. Ohun tí ọ̀bẹ bá bù, tìẹ ni. Ohun tí ilẹ̀ bá bì, tèmi ni. Bí o bá wà níbẹ̀, jẹ́ mi."

Nǹkan kan lu òkúta náà láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Itọ̀ gbígbóná ṣàn sí Maati nítan, kò mọ̀ títí ó fi dé bàtà rẹ̀.

"Ó ti gbọ́ nípa ìyàwó yín," Àfáà wí. "Ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló ń bèèrè. Ìkán mẹ́ta."

"Ìkán mẹ́ta péré?"

"Ìkán mẹ́ta. Kó má lé làálì wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì òní, lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo ọkùnrin abúlé bá wà ní mọ́sálásí."

"Ẹ̀yin ò ní lọ kírun Jímọ̀ ni, Àfáà?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Èmi àti Ẹni tó ni ín ti parí ìyẹn tipẹ́."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ àgùntàn ni ọpọ́n onírin kan wà, ọpọ́n fífẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá. Ìkán mẹ́ta kì í gba ọpọ́n. Maati rí i. Ó rí i dáadáa. Ó gbójú kúrò níbẹ̀, ó bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ̀wé, ó sì sanwó ilé lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó délé, ó pa irọ́ àkọ́kọ́ fún Tamu láti ọdún méjìdínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Àwọn akọ̀wé ìwé ilé ní ìka ọwọ́ àwa méjèèjì ló máa wà lórí ìwé. Làálì kì í jẹ́ kó hàn. Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ìwé ilé wo?"

"Ká lọ wò ó ná. Tí kò bá wù ẹ́, El Jadida yá. Mi ò ní bá ẹ jà mọ́."

Tamu wò ó títí. "Ṣé lóòótọ́ lẹ ò ní jà mọ́?"

"Lóòótọ́."

Tamu fi kànìnkànìn fọ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ títí làálì fi ṣí. Ìlà náà yọ, ó gba àtẹ́lẹwọ́ já bí ibi tí wọ́n ti pọ́n ọ̀bẹ. Tamu ń ti ọwọ́ bọ inú apá aṣọ bí àlejò bá wọlé. Maati ní tirẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń kà á lábẹ́ ètè: ìkán mẹ́ta, ìkán mẹ́ta. Bó bá ti rántí ọpọ́n, á ka mítà sókè kí etí rẹ̀ má baà gbọ́ ọkàn rẹ̀.

Jímọ̀ pé. Takisí elérò mẹ́fà gbé wọn dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n fẹsẹ̀ gun èyí tó kù. Oòrùn wà láàárín orí. Abúlé dá wáí, ohùn ìwáàsù ń bọ̀ láti mọ́sálásí.

Tamu wọ ilé náà. Ó fọwọ́ kan ògiri. Ó yọ téèpù aránṣọ láti inú báàgì rẹ̀, ó ń wọn fèrèsé.

"Ẹ wo ìmọ́lẹ̀! Ibí yìí ni màá gbé ẹ̀rọ mi sí."

"Ìyá Ilham..."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó tún yí ọkàn padà. Jíjà yìí ti sú mi, ó sì rẹ ẹ̀yin náà, mo mọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ibi tí ara bá ti tù yín, ara á tu èmi náà. Mo gbà. Ká máa gbé ibí."

Maati la ẹnu láti ní kí wọ́n máa lọ, kíá, nísinsìnyí. Ilẹ̀kùn ti lẹ́yìn wọn. Bushta ló tì í. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Bushta fa Tamu ní apá wọ yàrá ẹ̀yìn. Tamu pariwo, ìwáàsù bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórúnkún sétí ihò. Àfáà Jilali di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka àtàǹpàkò tọ ìlà náà láti òpin dé òpin. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀.

"Ó pé. Áà, ó pé!"

Ó fa ọ̀bẹ yọ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ọ̀bẹ ìpàgbò ni. Ó là á lọ sórí ìlà náà, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó dà sínú ọpọ́n. Láti ìsàlẹ̀, nǹkan kan lu òkúta. Ó tún lù ú. Ó ń lù ú léraléra báyìí, bí ẹni tí ebi ń pa.

"Ẹ ti gba mẹ́ta!" Maati kígbe. "Àfáà, ó ti ju mẹ́ta lọ!"

Àfáà ò wò ó. Ó ti ń gbé ọ̀bẹ lọ sí ọ̀fun Tamu. "Mẹ́ta tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn ló ń bèèrè. Ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wo ọpọ́n."

Tamu ò wo ọ̀bẹ. Ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ojú yẹn ló ta Maati nídìí, tòun ti orúnkún tó ti bàjẹ́. Ó gbá ìkòkò iná tùràrí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì da ẹ̀yinná sí Àfáà Jilali lójú.

Arúgbó náà ké bí ẹran. Ó fọwọ́ bojú, ó tàsé etí ihò, ó ṣubú sínú rẹ̀. Bushta tú Tamu sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á. Ògiri amọ̀ tí wọ́n ti fi oṣù púpọ̀ gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ kérora. Ó dúró díẹ̀. Ó wá wó lulẹ̀ sórí àwọn méjèèjì.

Eruku. Nígbà tó rọlẹ̀, ọwọ́ kan yọ sókè láàárín amọ̀, ìka mímọ́ tónítóní márùn-ún, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan fa ọwọ́ náà wọlẹ̀ láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ìka tó gùn jù fi wọlé. Maati gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́.

Wọ́n sáré. Wọ́n ṣubú, wọ́n dìde. Ní ìsàlẹ̀ òkè, létí títì, Maati ya ẹ̀wù rẹ̀, ó fẹ́ di ọwọ́ Tamu. Tamu gba aṣọ náà, ó fi eyín di í fúnra rẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí n má lé làálì."

Maati na ọwọ́ sí i, Tamu sún kúrò.

"Ṣé o mọ̀?"

"Ìkán mẹ́ta ni wọ́n sọ fún mi, Tamu. Mo fi ẹ̀mí mi búra, mẹ́ta ni..."

"Mi ò bi ẹ́ ní iye. Mo ní ṣé o mọ̀."

Àwọn ará abúlé ti ń jáde ní mọ́sálásí lókè, ẹnìkan ti ń pariwo pé ilé wó. Maati wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó bó yánnayànna.

"Mo mọ̀," ó wí.

Takisí kan dúró. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, àyè ẹnìkan ló kù. Tamu wọlé. Kò pa ilẹ̀kùn tagbáratagbára, kò sunkún. Ó kàn ní kí awakọ̀ máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ọlọ́pàá fi wú ilẹ̀ ilé náà. Wọ́n rí òkú méjèèjì. Lábẹ́ òkúta, wọn ò rí wúrà, egungun èèyàn méjì ni wọ́n rí, ti ọ̀kan kéré. Tamu ò dárúkọ ọkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ti mọ ohun tí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà fún. Ó gba owó tó ṣẹ́ kù, ó fi ra yàrá kan ní El Jadida. Kò fún Maati ní àdírẹ́sì. Ilham náà ò fún un.

Maati fẹ̀yìn tì nígbà tó tó àkókò. Ilé orí òkè nìkan ni ìwé rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí náà ibẹ̀ ló ń gbé. Abẹ́ ólífì ló ń sùn, kì í lè sùn nínú yàrá.

Bí Jímọ̀ bá pé, obìnrin àdúgbò kan a máa gbé kúskúsù wá fún un, torí wọn kì í jẹ́ kí ebi pa arúgbó tó ń dá gbé lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà na ọwọ́ láti bọ bàbá arúgbó lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ náà padà kíákíá, kí Maati má baà rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ká ìka ọmọ dì, ó tì í bọ inú aṣọ.

"Màmi, kí ni bàbá yẹn ṣe?"

Obìnrin náà gbé abọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Maati dúró títí oúnjẹ náà fi tutù, ó wá bẹ̀rẹ̀ tìroratìrora, ó gbé e wọlé.