Orúkọ Kẹrin Nínú Ẹ̀dà Kẹta

Kò sẹ́ni tó fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sitúdíò náà. Àgádágodo rẹ̀ ò ní ìpalára kankan. Ṣùgbọ́n dísíìkì inú rẹ̀ ti pòórá.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni, ní àdúgbò Ujungberung. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì Gigi Besi gbọ́dọ̀ gbé orin tuntun wọn, "A Ò Kúrò", jáde ní pápá Lebak Awi, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti fẹ́ lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Èyí kúkúrú wà fún rédíò, èyí gígùn fún àwọn olólùfẹ́ wọn. Ẹ̀kẹta, tó wà lórí dísíìkì tó pòórá náà, ló ní ohùn Ambu Enok, tó bí Nining, ọmọbìnrin tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ náà. Ìyá náà ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí gbogbo wọn sì bọ́ síta. "Màá dárúkọ àwọn tó ta ilẹ̀ wa ní bòókẹ́lẹ́. Orí pápá ni kí ẹ ti gbọ́ ọ." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó kú.

Nining ò pe ọlọ́pàá. Bu Suhaeti ló pè, àbúrò ìyá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ìgbà wo lo rí dísíìkì náà gbẹ̀yìn?"

"Àná òwúrọ̀, Bibi," ni Nining dá àǹtí rẹ̀ lóhùn.

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Lilis onígìtá, Darsa onílù, àti Kang Wahyat tó ni sitúdíò."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù Lilis ti dún. Ẹnì kan ti gbé ẹ̀dà kẹta sórí íńtánẹ́ẹ̀tì!

Wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn Ambu jáde, kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀: "Èèyàn márùn-ún ló tẹ̀ka síwèé." Ó dárúkọ mẹ́ta. Lójijì, gìtá kan ké tantan. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ kan sí i. Ó parí.

Wahyat nawọ́ sí Lilis. "Gìtá nìyẹn. Ta ló ń ta gìtá nínú wa?"

"Kí gìtá ṣáà pariwo, Kang? Ewúrẹ́ tó bá tẹ okùn rẹ̀ á ṣe é! Ìwọ tí àwọn onísìmẹ́ńtì wá kí lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Mo lé wọn jáde! Ìwọ náà rí i!"

Darsa ń fi ìka lu itan rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," ni Bu Suhaeti wí. "Márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Mẹ́rin la gbọ́. Ká ní onísìmẹ́ńtì ló rán olè yìí, gbogbo ohùn náà ni ì bá pa rẹ́. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bò."

Ó gbé fóònù sétí. Lábẹ́ ariwo gìtá yẹn, ohun kan ń súfèé tẹ́ẹ́rẹ́, fíìì.

"Ìkòkò tí Mang Oyo fi ń fi oru se putu, àkàrà ìrẹsì tó ń tà, nìyẹn," ni Nining wí. "Bó ṣe máa ń súfèé nìyẹn tó bá ń kiri."

Fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri sitúdíò. Èèyàn kì í gbọ́ òjò pàápàá nínú rẹ̀. Ilé ẹnì kan ni wọ́n ti ta gìtá yẹn.

Bu Suhaeti bá Mang Oyo nídìí ààrò rẹ̀.

"Mang, ibo lẹ kiri dé lánàá?"

"Àdúgbò Gang Masigit nìkan, Bu. Afárá ti já láti Ọjọ́ Ajé. Ṣé kí n gbé ìkòkò gbígbóná wẹ odò ni?"

Òdìkejì odò ni ilé Lilis wà. Inú sitúdíò ni Wahyat ń sùn. Bu Suhaeti padà.

"Darsa, ta ni ẹ jọ ń gbé ní Gang Masigit?"

"Èmi àti Abah, bàbá mi."

"Lebak Awi ni Abah ti wá, àbí? Kí lorúkọ wọn?"

Ìka Darsa dúró. "Sukarma," ló wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí i lánàá, mo jí i gbọ́. Bàbá tó kọ́ mi pé kí n má tẹrí ba fún olówó, orúkọ ẹ̀ ló ṣìkẹrin! Mo gbé e lọ sílé, mo ta gìtá sórí orúkọ náà, mo sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé báráyé bá ti gbọ́ èyí, wọn ò ní wá ojúlówó rẹ̀ mọ́. Teh Nining, mo fẹ́ kí ohùn Ambu jáde. Àfi ibẹ̀ yẹn nìkan."

"Ohùn yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi, Darsa."

Ó fa dísíìkì náà yọ nínú báàgì rẹ̀. "Mi ò lè fọ́ ọ."

"Ṣé o mọ̀ pé a máa gbé e sí i?"

"Ẹ gbé e sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jókòó sídìí ìlù mi."

Ní aago mẹ́rin, èrò kún pápá. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan gun orí pèpéle. "Ẹ̀dà méjì ò burú. Ẹ má gbé ẹ̀kẹta sí i."

"Ìyá mi ló fẹ́ sọ̀rọ̀, Pak," ni Nining dáhùn. "Ẹ lọ bá a ní ibojì, kí ẹ sọ fún un kó dákẹ́."

Ó tẹ ẹ̀rọ. Orúkọ kìíní. Ìkejì. Ìkẹta. Lẹ́yìn náà, ketekete: Sukarma.

Gbogbo ojú yí sí bàbá arúgbó kan láàárín èrò. Kò sá.

"Èmi ni!" ló kígbe. "Wọ́n tàn mí, mo tẹ̀ka. Ìka náà rèé! Kí wọ́n kọ́kọ́ wá gé e kí wọ́n tó kan ilẹ̀ yìí. Èmi náà ò kúrò!"

Ọ̀gá ọlọ́pàá la ẹnu. Darsa gbé ọ̀pá ìlù méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá náà wí.