Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Pẹ̀lú Nàímátù

Ọdún 2002 ni Nàímátù kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Limawa, lókè Ọya níhìn-ín. Ó mú lẹ́tà bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Mo tan kọ̀ǹpútà. Pentium 3 ni, tòkunbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa ń gbà kó tó ṣí.

"Bọ̀dá, ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú. Ó ń jí ni."

"Mi ò rí ẹni tó ń jí báyìí rí, àfi àbúrò mi Qasim tí iléèwé bá wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi kì í tètè rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń padà wá. Kí ìṣẹ́jú mẹ́rin náà tó pé, oníkálukú á ti sọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò kàn sọ ọ́.

Àáfà Sirajudeen, bàbá rẹ̀, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ti rí ọkọ fún un ní àdúgbò Maitumbi, òṣìṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ kan Àáfà wọlé bá wa níwájú ẹ̀rọ tó dúdú, à ń rẹ́rìn-ín.

"Haba, Yínúsà! Iṣẹ́ wo nìyí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. À ń dúró de kọ̀ǹpútà ni."

Ó fa àga. "Ó dáa. Èmi náà á dúró dè é. Ta ni bàbá rẹ?"

Mo sọ.

"Ṣé o máa ń kírun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ní ń se oúnjẹ fún ọ?"

"Èmi náà ni."

Ojú ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Àáfà dìde. "Ẹni tó lè fara da èyí lójoojúmọ́ lè fara da ìyàwó."

Ó ránṣẹ́ sí àwọn ará Maitumbi pé kí wọ́n má bínú. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ó so yìgì wa.

Bí mo bá ti ra kọ̀ǹpútà tuntun, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, a ó tan wọ́n pọ̀, Nàímátù á máa wo aago, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Pentium 4, ìṣẹ́jú méjì. Core i3, ìran kejì, kò pé ìṣẹ́jú kan. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mo ra Core i5, ìran kejìlá: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan ló ń mú un yá, dísìkì rẹ̀ náà yàtọ̀. Inú mi dùn. Nàímátù pa ìwé dé.

"Bàbá Tasneem, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń yá."

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo yíjú sí ẹ̀rọ tuntun.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àìsàn kíndìnrín dá a wó. Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti ọsibítù, ó ní ká yà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi tan ti àtijọ́."

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Epo jẹnẹrétọ̀ ò tó èyí tí a ó máa fi ṣòfò."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, ọkọ mi."

"Lọ́la," ni mo wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò jí. A sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Tasneem ọmọ wa wá bá mi tún ṣọ́ọ̀bù ṣe.

"Bàbá, baban bola ń ra irin àlòkù níta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé Pentium yìí lọ."

"Dúró ná."

Mo fa àga Nàímátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo tan ẹ̀rọ náà. Ní ìṣẹ́jú kìn-ín-ní, mo nu eruku orí àga rẹ̀. Ní ìkejì, mo sọ fún Nàímátù pé ẹ̀kọ kókó àti àkàrà kọ́sẹ́ ni mo jẹ láàárọ̀. Ní ìkẹta, mo sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, àti pé epo wà lọ́jọ́ tó ní kí n tan án. Tasneem jáde síta.

Ẹ̀rọ ṣí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, lábẹ́ i5: ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo pa á, mo yọ okùn iná rẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n pè wọ́n?"

"Pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan àga yẹn."