Ta Ló Pọ́n Eyín Ayùn Agégi?

Nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi máa dé, wọ́n ti so Agégi mọ́ òpó géètì, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló lù ú?”

Obìnrin kúkúrú ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà, ṣùgbọ́n Ata-wẹẹrẹ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọn kò sì ṣì í pè.

“Mo ní ta ló lù ú?”

“Èmi ni,” Baba Ẹ̀rọ wí. “Àbúrò mi ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Olè ni. Ẹ máa mú un lọ. Kò tún ní sun inú ilé yìí mọ́ láé.”

“Ẹ tú u sílẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ni adájọ́ ni?”

Wọ́n tú u. Agégi nu ẹnu, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ìgégi àtijọ́ ló mọ Baba Ẹ̀rọ. Ààtàn ló ti ń ṣà wọ́n, àti ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ń la pákó. Á tú u palẹ̀, á fọ ìpẹtà rẹ̀, á wá páàtì rẹ̀ kiri, á kùn ún lọ́dà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó bá jáde lábẹ́ ọwọ́ náà a máa dán bí ìgbà tó kúrò nínú páálí. Orí pẹpẹ yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká ni wọ́n jókòó sí, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Wọn kì í gé nǹkan kan, wíwò ni wọ́n wà fún.

Àyè kan ṣófo láàárín wọn.

“Ẹ̀rọ bàbá wa ni wọ́n jí níbẹ̀,” ó wí. “Òun ló fi ṣiṣẹ́ nínú igbó títí ó fi kú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tún un ṣe.”

Igi pupa tó nípọn ni wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà látìta, pẹ̀lú àgádágodo ní ìkangun rẹ̀. Wọ́n ti gé e sí méjì. Ata-wẹẹrẹ fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n gé. Kò lọ tààrà. Ó tẹ̀ sí apá òsì bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èérún igi tó wà nílẹ̀. Ó nípọn, ó gùn bí èékánná. Ó kó díẹ̀ sápò.

“Ẹ wo ibí,” Baba Ẹ̀rọ wí. Ó gbé ẹ̀rọ Agégi wá, èérún igi pupa sì há sí ìdí ṣéènì eléyín rẹ̀. “Ẹ tún ń wá ẹ̀rí mìíràn?”

“Ẹ̀rọ mi wà ní ẹ̀yìnkùlé lánàá,” Agégi fi ìbínú wí. “Ẹnikẹ́ni lè gbé e! Ẹni tó gbé e gan-an ló bà á jẹ́. Mo lọ fi gé pákó fún oníbàárà láàárọ̀ yìí, ńṣe ló ń wọ́ lọ sí òsì. Oníbàárà bú mi bí ẹni ń bú ọmọ ọ̀dọ̀.”

Onípáàtì tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ lójú títì wà nídìí ògiri. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ta ẹ̀rọ bàbá náà fún òun.

“Ìwọ ńkọ́?” Ata-wẹẹrẹ bi í. “Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?”

“Mo fẹ́ ẹ, ọ̀gá, n ò jí i. Tí mo bá gbé e jáde báyìí, gbogbo ẹni tó ń ra irú ẹ̀ ló máa dá a mọ̀. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?” Ó tọ́ka sí Agégi, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ bi èyí. Àtìgbà tí mo ti dáyé, kò ra fáìlì ìpọ́nrin lọ́wọ́ mi rí. Eyín ayùn rẹ̀ ti kú bí eyín arúgbó. Tó bá ń gégi, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀ bíi ti ẹlẹ́lùbọ́.”

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Ata-wẹẹrẹ kò rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò.

Ó kọjú sí ìyàwó Baba Ẹ̀rọ. “Màmá, ẹ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lánàá?”

“Ìgbà wo ni n ò gbọ́ ọ?” Obìnrin náà ti gbaná jẹ. “Ilé yìí ti sú mi! Wọ́n ní ẹ̀rọ kan sọnù, mo ní ó ku ìyókù. Àní aṣọ tí mo kó sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òórùn bẹntiróòlù ni mo bá lára ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé aṣọ náà ń tún ẹ̀rọ ṣe ni?”

“Ṣé ìyẹn ni wọ́n bi ẹ́?” ọkọ rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

Ata-wẹẹrẹ wò ó. Ó ní kí wọ́n gbé ìtì igi kan wá, kí Agégi fi ẹ̀rọ rẹ̀ gé e.

Agégi gé e. Èérún ńláńlá ń fò, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ojú ibi tó gé sì tẹ̀ sí òsì.

“Onípáàtì, wá ṣéènì tuntun sí i.”

Wọ́n pààrọ̀ ṣéènì. Agégi tún gé e, ó lọ gbọnrangandan.

“Àbùkù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ò sì sí lára ẹ̀rọ. Ẹ gbé ọ̀kan wá lórí pẹpẹ yẹn.”

“Wọn kì í gé igi!” Baba Ẹ̀rọ dìde fùú. “Ẹ má fọwọ́ kàn án!”

“Ẹ gbé e wá, mo ní!”

Agégi da epo sí ọ̀kan, ó fà á, ó fi gé ìtì náà. Ó tẹ̀ sí òsì.

Ata-wẹẹrẹ kó èérún jáde lápò. “Ayùn tó mú ló da èyí sílẹ̀. Agégi kì í pọ́n tiẹ̀. Ẹnìkan bá a pọ́n ọn kó tó fi gé ìdábùú. Ó pọ́n eyín apá kan dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ò ká èkejì, ni ayùn bá ń tẹ̀ síbi tó mú jù. Ọwọ́ oníka mẹ́ta.” Ó ti mú ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu báyìí. “Gbogbo ẹ̀rọ rẹ pátá ló ń gé wọ́, Baba Ẹ̀rọ, o ò sì mọ̀, torí o ò jẹ́ kí wọ́n gé nǹkan kan rí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Màmá, ẹ lọ gbé àpótí yín wá.”

Nísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ, ni ẹ̀rọ náà wà, tí wọ́n fi àkísà mímọ́ dì bí ọmọ tuntun.

“Inú aṣọ mi!” Ìyàwó rẹ̀ ju àkísà náà lù ú lójú. “O fẹ́ sọ mí di olè mọ́ àbúrò rẹ!”

“Kí ló dé tó o fi pọ́n ọn?” Ata-wẹẹrẹ bi í. “Ká ní o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti mú Agégi lọ.”

“Eyín rẹ̀ ti kú,” Baba Ẹ̀rọ wí. “Ọwọ́ mi kọ̀. N ò lè fi ayùn tó kú gé igi.” Lójijì ló pariwo. “Bàbá ní kí n tún ẹ̀rọ òun ṣe kí n gbé e fún Agégi! Torí pé òun ló ń bá a wọ igbó! Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó tì í. Ó wá ní òun ń bọ̀ wá gbà á lónìí. Ṣé kó lọ máa fi gé igi ìdáná?”

“O lù mí,” Agégi wí. “O so mí mọ́ géètì bí ewúrẹ́, lójú gbogbo àdúgbò. Ohùn ẹ̀rọ Bàbá ni mo fẹ́ gbọ́, bọ̀ọ̀dá. Ní kékeré, tí mo bá ti ń gbọ́ ọ láti inú igbó, mo mọ̀ pé igi ò tíì wó pa Bàbá. Mo fẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kan, kí n gbé e padà sórí pẹpẹ yín.”

Agégi na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà.

“Ní báyìí, mò ń gbé e lọ.”

“Má da bẹntiróòlù lásán sí i,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wí. “Pò ó mọ́ ọ́ìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa nọ́ọ̀kì.”

“Bàbá kọ́ mi.” Ó gbé e léjìká, ó jáde.

“Wọ mọ́tò,” Ata-wẹẹrẹ wí fún Baba Ẹ̀rọ. “Wàá ṣàlàyé irọ́ tó o pa fún ọlọ́pàá.”

Mọ́tò kò tíì ṣí tí ẹ̀rọ náà fi bú ramúramù lójú pópó. Baba Ẹ̀rọ na ọrùn sójú fèrèsé. Látìgbà tó ti tún un ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ kò fà á rí, kó má baà gbó.

Ata-wẹẹrẹ na ọwọ́ kọjá lójú rẹ̀, ó yí gíláàsì fèrèsé sókè mọ́ ohùn náà.