Ojú Ìwé Mẹ́rin Tó Ṣófo

Aránṣọ náà wọ yàrá àtúnṣe ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, téèpù ìwọnṣọ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà láyà aṣọ rẹ̀. Ó gbé ìwé kan sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹjọ́ wá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán èyí?”

Adìwé ti ń tún ìwé ṣe nílé ìkàwé náà láti ọdún mọ́kànlá. Ó wo òwú náà, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ni.

Ìtàn tuntun ló wà nínú ìwé náà, tí wọ́n gbé ka orí ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìsì. Olórin kan lọ mú ìyàwó rẹ̀ padà láti ìlú àwọn òkú; wọ́n ní kó má bojú wẹ̀yìn, ó bojú wẹ̀yìn, ìyàwó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú ìwé yìí, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Aránṣọ ń kà á fún ìdánwò ìwọlé yunifásítì. Ó ti dìde ní kíláàsì, ó ti yin òǹkọ̀wé pé ó gbọ́n bó ṣe fi òpin sáàárín, kí olùkọ́ tó ṣí ẹ̀dà tirẹ̀, tí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àṣé adìwé ló rán abala ìparí mọ́ àárín.

Ojú ti adìwé gan-an. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì tú òwú náà níṣojú rẹ̀. Aránṣọ bi í bóyá ó tiẹ̀ ti ka ìwé náà rí. Ó jẹ́wọ́ pé ìwé tí òun ti dì kò lóǹkà, èyí tí òun kà kò tó mẹ́wàá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá ka ìwé náà sókè fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọlé, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ni ọkùnrin wa bá tún ṣe àṣìṣe kejì. Ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó lọ bá bàbá aránṣọ pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣaya. Bàbá gbà tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn méjèèjì sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an ni wọ́n mú.

“A kì í fá orí lẹ́yìn olórí,” ni aránṣọ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà. “Gbogbo ohun tí obìnrin inú ìwé yẹn ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó bi òun bóyá òun fẹ́ padà. Ìwọ náà ò bi mí.”

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá, àga rẹ̀ ṣófo. Adìwé padà lọ bẹ bàbá kí wọ́n fagi lé ọjọ́ náà. Ó ra ẹ̀dà ìwé náà, ó kà á tán fúnra rẹ̀, ó sì rán ojú ìwé mẹ́rin tó ṣófo mọ́ ìparí rẹ̀. Ó kọ ìbéèrè kan péré sókè èyí àkọ́kọ́, “Ṣé wàá fẹ́ mi?”, ó sì fi rán bàbá sí i.

Ọjọ́ tí ìdánwò parí, aránṣọ wọlé, ó fi ìwé náà síwájú adìwé, ó sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“Má bojú wẹ̀yìn títí o ó fi kà á tán.”

Ó kà á. Aránṣọ ti kọ èsì sójú àwọn ìwé tó ṣófo náà: òun fẹ́ kàwé ná. Ẹ̀rọ ìránṣọ òun ń bá òun lọ síbikíbi. Ọjọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òwú tí adìwé ṣèèṣì rán, nítorí bí kò bá sí i, òun ì bá má mọ ọ̀nà yàrá yìí. Adìwé ṣí ojú ìwé kẹrin.

“Bẹ́ẹ̀ ni. O ṣeun tó o bi mí. Ó yá, wẹ̀yìn.”

Ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀.