Ọkọ̀ Tó Ń Fì Sí Òsì

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra, ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún."

Báyìí ni Bàbá ṣe máa ń kí àwọn èrò láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i mọ́. Àwọn tó sanra á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ́ sí ọ̀tún. Àwọn tó tín-ín-rín á lọ sí òsì. Síbẹ̀ náà, ọkọ̀ á ṣì fì sí òsì, bí ẹni tí etí ń dùn tó gbé orí lé èjìká.

Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì ni, ó sì ti pẹ́ láyé. Òun ni Bàbá fi ń gbé èèyàn sọdá odò láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ ọ̀hún sì ti fẹ́ jáde girama báyìí. Kíákíá ni gbogbo ilé àti gbogbo èbúté ń pè é. Bó bá fọ abọ́, abọ́ kò ní tíì gbẹ tí yóò ti kó o pamọ́. Bó bá mú ìwé ìtàn, ojú ewé tó kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ọmọ dáadáa ni o. Sùúrù nìkan ni kò bá a wá sáyé.

Ó rẹ gbogbo wọn nínú ilé yẹn. Ẹ̀yìn ń dun Bàbá débi pé, tó bá ti jókòó, ó ní láti di nǹkan mú kó tó lè dìde. Ìyá ń tún ilé ìwòsàn ṣe, tó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga ló ti ń sùn lọ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá ti kan Kíákíá lára. Àárín gbogbo èyí ni ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Lọ́jọ́ kan, olùyẹ̀wò tó ń rí sí àwọn ọkọ̀ ojú omi dúró lórí èbúté, ó wo ọkọ̀ náà títí.

"Bàbá, ọkọ̀ yín kò dúró dáadáa," ló wí. "Mo máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ṣì ń fì báyìí, mi ò ní lè jẹ́ kó gbé èrò mọ́. Ẹ má bínú sí mi."

Bàbá kò bínú. Kò ní agbára ìbínú. Ó kàn ń rò ó pé bí ọkọ̀ yìí bá dúró, kí ni wọ́n máa jẹ nínú ilé? Iṣẹ́ Ìyá nìkan kò lè gbọ́ bùkátà.

"Ẹ tà á ká sinmi," ni Ìyá wí nígbà tó gbọ́, kò sì la ojú.

"Ta ló máa ra ọkọ̀ tó ń fì?" Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kíákíá, ìwọ lo máa bá mi wá ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú ẹ̀ jáde, bátìrì, kẹ́ẹ̀gì epo, ìdákọ̀ró, gbogbo ẹ̀ pátá. Kó o wá wò ó. Tó bá dúró ṣánṣán, ẹrù la ò tò dáadáa. Tó bá ṣì ń fì, á jẹ́ pé omi ti sá pamọ́ síbì kan nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn, kó o ṣí pákó ilẹ̀ ẹ̀. Ìṣó yíyí ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wàá máa yọ wọ́n. Jọ̀ọ́, má kánjú."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Nígbà tí Sátidé dé, ẹ̀yìn Bàbá kò jẹ́ kó kúrò lórí ibùsùn. Kíákíá nìkan ló lọ sí èbúté, ìwé ìṣirò wà nínú báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó gbogbo ẹrù jáde bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ọkọ̀ ṣì fì sí òsì. Omi ni, nígbà náà. Ó kúnlẹ̀, ó mú irin tí wọ́n fi ń tú ìṣó. Àwọn ìṣó náà ti dípẹtà mọ́ pákó. Èyí àkọ́kọ́ kò yí. Èkejì kò yí. Ní ẹ̀kẹta, irin yọ̀, ó sì bó o lọ́wọ́.

Ó jókòó, ó fẹnu fa ọwọ́ tó bó. Ó rẹ̀ ẹ́. Oòrùn ń mú, ìṣirò ń dúró dè é, ìṣó sì pọ̀ nílẹ̀ bí ẹ̀wà. Ẹ̀gbẹ́ èbúté ni wọ́n to àwọn àpò iyanrìn sí, èyí tí wọ́n fi ń dá omi dúró kó má baà wó bèbè. Ó wo àpò iyanrìn, ó wo ọkọ̀.

Kò pẹ́ rárá. Ó wọ́ àpò mélòó kan, ó tì wọ́n sínú àpótí abẹ́ ìjókòó apá ọ̀tún, ó pa ìdérí dé. Ọkọ̀ dúró ṣánṣán. Ó kó ẹrù padà, ó nu ọwọ́, ó sì gbalé lọ.

"Bàbá, bátìrì ni," ló wí. "Mo ti gbé e sápá kejì."

"Bátìrì lásán?"

"Ẹ wá wò ó tí ẹ bá lè."

Bàbá di ògiri mú, ó di ọmọ mú, títí ó fi dé èbúté. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró bí ọkọ̀ tuntun, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun. O ò mọ ohun tó o gbé kúrò láyà mi." Kíákíá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ìwé ìṣirò, kò sí ohun tó wọ̀ ọ́ lórí.

Lọ́jọ́ Ajé, èrò kún. Ìyá aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ atúnṣe lé itan. Tíṣà náà wà níbẹ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó sanra, tó ń kọ́ni lódìkejì odò.

"Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín lónìí," ni Bàbá wí, ó ń yangàn.

Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára. Tíṣà kò tilẹ̀ ronú, apá ọ̀tún ló gbà lọ, gbogbo àwọn tó sanra bíi tirẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kíákíá, tó bá wọn wọkọ̀ lọ sí iléèwé, rí wọn. Ó ro ti iyanrìn abẹ́ ìjókòó wọn. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé odò ọ̀hún kò kúkú fẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yà wọ èbúté kejì, ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, kò sì padà. Àwọn àpò iyanrìn yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ nínú àpótí, ọkọ̀ tún tẹ̀ sí i, omi sì ya wọlé. Ariwo sọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ibẹ̀ kò jìn, gbogbo wọn ló sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Omi mu wọ́n dé àyà kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Bàbá fi ẹ̀yìn tó ń dùn ún fa àwọn èèyàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló rì.

Olùyẹ̀wò dé, ó ṣí àpótí.

"Bàbá, ta ló kó iyanrìn síbí?"

Bàbá wo iyanrìn náà. Lẹ́yìn náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò korò. Àárẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì dun Kíákíá jù.

"Èmi ni mo ni ọkọ̀," ni Bàbá wí. "Ẹjọ́ mi ni."

"Irọ́ ni, sà," ni Kíákíá ké, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni. Bàbá ní kí n ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, mi ò ṣí i. Mo parọ́ fún wọn."

Ìyá aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rọ mi," ló wí, "oúnjẹ àwọn ọmọ mi nìyẹn o."

Wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró. Àwọn òmùwẹ̀ yọ ẹ̀rọ ìránṣọ náà, atúnṣe sì ní á ṣì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà, tí Kíákíá bá ti jáde níléèwé, ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ ló ń lọ, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ kí iṣẹ́ àwọn oníbàárà má baà bà jẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń kàwé, abẹ́rẹ́ ń gún un níka.

Ọjọ́ tí Ìyá kò lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n tó fa ọkọ̀ wá sórí ilẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń fi ẹnu darí wọn. Ìyá ń da epo sí ìdí ìṣó, Kíákíá ń tú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí pákó ṣí, òórùn buburú sọ. Fóòmù tí wọ́n fi kún abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kó lè léfòó gbẹ táútáú lápá ọ̀tún. Ti apá òsì ti mu omi yó bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Kíákíá àti ìyá rẹ̀ ló jọ gbé ègé kan péré nínú rẹ̀, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

"Ibo lomi gbà wọlé?" ni Bàbá bèèrè.

Kíákíá kò kánjú. Ó fi ọwọ́ tọ ọ̀rinrin náà lọ títí ó fi dé ibi tó ti pọ̀ jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. Irin kan wà lókè ibẹ̀, èyí tí Bàbá máa ń dì mú dìde. Ìṣó irin náà gba inú pákó kọjá, wọn kò sì fi gọ́ọ̀mù kankan dí ihò rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá fà á dìde, ihò ń fẹ̀ sí i, omi ń jò wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo bẹ káfíńtà tó tún bẹ́ẹ̀dì wa ṣe pé kó fi í síbẹ̀," ló wí. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa jìyà àtidìde. Káfíńtà náà kò ṣe ọkọ̀ rí. Èmi ni mo ba ọkọ̀ yín jẹ́."

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. "Tí kì í bá ṣe irin yìí, mi ò bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ má yọ ọ́ dànù. Ẹ dí ihò ẹ̀ ni."

"Bàbá," ni Kíákíá wí, kò lè gbójú sókè, "Ìyá ò mọ̀ ni tiwọn. Èmi mọ̀."

"Ìyẹn gan-an ni," ni Bàbá dáhùn jẹ́jẹ́. "Èèyàn lè ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń fì, tó o wá di ẹrù lé e kó lè dà bíi pé ó dúró, o ò tún un ṣe. O kàn sọ ọ́ di méjì ni."

Wọ́n sá ọkọ̀ sóòrùn títí ó fi gbẹ, wọ́n fi fóòmù tuntun sí i, Kíákíá sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò ìṣó, ó tún padà yẹ̀ wọ́n wò. Olùyẹ̀wò wò ó, ó mi orí, ó ní kó máa gbé èrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èrò dúró lórí èbúté. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra..." ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Tíṣà dúró sáàárín ọkọ̀, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí mọ́, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá di irin rẹ̀ mú, ó rọra dìde, ó wo ẹ̀yìn.

"Kíákíá, ṣé ká máa lọ?"

Kíákíá, tó tẹ̀ wo omi lápá òsì, tó tún kọjá lọ wo apá ọ̀tún, kò tíì ṣe tán.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá," ló wí. "Mo ṣì ń wò ó."