Kòkòrò Tí Màmá Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Tì Mọ́nú Eyín

Ní àárọ̀ Sátidé kan, eyín iwájú Adéọlá tó ti ń mì tipẹ́ já bọ́ sínú ògì tó ń mu. Ọmọ ọdún méje ni Adéọlá. Ó fi ahọ́n wá eyín náà, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì sáré lọ bá ìyá bàbá rẹ̀ níwájú ilé wọn ní Olódì-Àpápá.

"Màmá, ó ti yọ o."

"Ọlọ́run ṣeun. Pa ẹnu dé kí aláǹgbá má rí i."

Màmá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ eyín náà lọ́wọ́ ọmọ, ó ní kó jù ú sórí páànù, kó sì sá wọlé láìwẹ̀yìn. Òkúta ró gbàgà lórí òrùlé. Adéọlá sá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Inú gbogbo wọn dùn, àfi Kọ́láwọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó jókòó sórí pèpéle, tó ń jẹ búrẹ́dì.

"Tèmi tí a jù ńkọ́?" ló béèrè. "Láti ìgbà tí mo ti wà ní praímárì. Kò tíì hù."

Màmá ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé aláǹgbá ló rí tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pa Adéọlá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa Ọmọ́lẹ́yẹ, ìyá àwọn ọmọ, lẹ́rìn-ín rárá. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn Kọ́láwọlé nítorí pé ó ti jẹrà kọjá àtúnṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún nígbà yẹn pé eyín ọmọdé ni, òmíràn á hù. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni Kọ́láwọlé fi ń jẹ ẹran. Ó máa ń dun ìyá rẹ̀ tó bá ń wò ó, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ Adéọlá ránṣẹ́ sáwọn òbí pé àwọn elétò ìlera eyín ń bọ̀ nílé ìwé ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. Wọn á yẹ ẹnu àwọn ọmọ wò, wọn á sì fi síìlì sí eyín ẹ̀yìn ọmọ tó bá yẹ, kó má baà jẹrà. Olùkọ́ ní kí ìyá tàbí bàbá wà níbẹ̀.

Síìlì ni ọ̀rọ̀ tó dá yánpọnyánrin sílẹ̀. Báyọ̀, ọkọ Ọmọ́lẹ́yẹ, awakọ̀ kọ̀nténà ni, Wharf Road ló ti ń gbẹ́rù. Ó ti ṣàlàyé síìlì fún ìyá rẹ̀ tipẹ́: nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kọ̀nténà. Tí wọ́n bá ti fi sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló máa wà.

"Síìlì kẹ̀?" Màmá béèrè. "Ṣé kọ̀nténà lẹnu ọmọ mi ni?"

"Màmá, wọ́n ní ojú eyín làwọn máa fi bò, kó má jẹrà."

"Kí ló ń jẹ eyín? Ṣebí kòkòrò ni. Wọ́n á wá ti kòkòrò mọ́nú eyín, wọ́n á fi síìlì sí i. Kí ni kòkòrò á máa jẹ níbẹ̀? Á jẹ eyín tán, á kọjá sínú èrìgì, á sì forí lé ọpọlọ. Ìyàwó mi, ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kì í rò ó délẹ̀."

Ẹ má fi Màmá rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti gbà pé kòkòrò tó ń rìn ló wà nínú eyín, kò lè rò ó dáadáa ju báyìí lọ.

Màmá kò sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ó mọ obìnrin kan ní Ajégúnlẹ̀ tó ń yọ kòkòrò eyín. Obìnrin náà máa ń jó èso kan lórí iná, aláìsàn á la ẹnu sórí èéfín, kòkòrò á sì máa já bọ́ sínú abọ́ omi. Lẹ́yìn náà ni yóò kán oògùn olómi kan sínú eyín. Màmá ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó kòkòrò jáde lẹ́nu Adéọlá, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn.

 Ọmọ́lẹ́yẹ mọ oògùn olómi yẹn. Òun ló bó ètè Collins, ọmọ Eucharia aládùúgbò wọn, tí ọmọ náà kò fi lè jẹ ata fún ọjọ́ pípẹ́. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ohun tí Màmá bá ti sọ náà ni," Báyọ̀ fèsì. "Mo wà lórí ìlà ọkọ̀, wọ́n ń pè mí."

Ọkọ tó bá wà lọ́nà jíjìn, kì í pẹ́ gbà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ọmọ́lẹ́yẹ ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá bá ìyá ọkọ jiyàn, á di ẹjọ́ ẹbí. Tó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ á dé ìdí èéfín. Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá.

"Màmá, mi ò lẹ́nu láti bá yín jiyàn. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí yẹn, mi ò rí ìdáhùn ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la, kẹ́ ẹ bi wọ́n fúnra yín. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn dáadáa, a ó mú Adéọlá padà wálé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Màmá. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n pe òun wá bi oníṣègùn léèrè ọ̀rọ̀? Kí ilẹ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè tó mọ́ tán, ó ti we gèlè.

Ẹni tí wọ́n bá nílé ìwé ni Ejiroghene, nọ́ọ̀sì eyín. Urhobo làwọn òbí rẹ̀, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì dán lẹ́nu rẹ̀, àfi ìgbà tí Píjìn bá já wọ̀ ọ́. Màmá kò jẹ́ kó jókòó tán kó tó kó ọ̀rọ̀ sílẹ̀: kòkòrò, síìlì, ilẹ̀kùn, ọpọlọ.

Ejiroghene kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, na correct question be dat. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Kòkòrò wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń rìn. Kòkòrò àìfojúrí ni. Gbogbo wa la ní in lẹ́nu, èmi náà ní in. Ṣúgà ló ń jẹ. Tí ọmọ bá ti jẹ bàbá dúdú, tó jẹ bisikíìtì, tó mu mínírà, kòkòrò yẹn á jẹ nínú ẹ̀, á sì tu omi kíkan kan sórí eyín. Omi kíkan yẹn ló ń ba eyín jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi luhò."

"Èmi tí mo fojú mi rí i tó já bọ́ sínú abọ́ ńkọ́?"

"Ẹ rí nǹkan lóòótọ́, mà. Inú èso tí wọ́n ń jó ló ti já bọ́. Ẹ jó èso yẹn láìsí ẹnu ẹnikẹ́ni nítòsí, ẹ ó ṣì bá a nínú omi."

 Ejiroghene ní kí Adéọlá la ẹnu, ó tan iná sí i, ó sì fi dígí kékeré kan ṣàfihàn inú ẹnu rẹ̀ fún ìyá àgbà.

"Ẹ wo ẹ̀yìn pátápátá. Ṣé ẹ rí i pé ojú eyín yẹn ò tẹ́jú? Ó ní ibi tó là wẹ́wẹ́. Oúnjẹ ń wọ ibẹ̀, irun búrọ́ọ̀ṣì ò sì lè wọ̀ ọ́."

"Bí ògiri ò bá lanu," Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán. Síìlì yìí la fi ń dí ẹnu ògiri. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù sínú ńkọ́? Kò ní rí ṣúgà jẹ mọ́. Ebi ni yóò pa á."

Màmá mi orí. Ó jọ pé ìyà tó fẹ́ jẹ kòkòrò yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Ọmọ́lẹ́yẹ ní ìbéèrè tirẹ̀.

"Àǹtí, ṣebí eyín tó máa yọ náà ni? Kí la ń dí i fún?"

"Kì í yọ, mà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣì í. Tí ọmọ bá ti tó bí ọdún mẹ́fà, eyín yìí á hù lẹ́yìn àwọn eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé òmíràn yọ fún un. Ẹ ò ju nǹkan kan sórí òrùlé kó tó dé, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé ó dé. Òun ló máa bá a dàgbà. Tó bá lọ, ó lọ nìyẹn, kò ní àrọ́pò."

Ọmọ́lẹ́yẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé ìwé. Kọ́láwọlé ló ń rò. Aláǹgbá kankan kò rí eyín ọmọ rẹ̀. Eyín tí kò lè hù mọ́ láéláé ni wọ́n jù, tí wọ́n sì ń retí. Ó fi etí ìró nu omijé.

Nígbà tó gbójú sókè, Ejiroghene ti ń yẹ eyín ẹ̀yìn Adéọlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́ta dáa gan-an. Ẹ̀kẹrin yìí, ìlà dúdú kan ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀."

Màmá dìde. "Èyí ni mo ń sọ. Ibẹ̀ ló wà. Ẹ ti mẹ́ta, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi, mo mọ ibi tí mo máa mú un lọ."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Màmá, kò tíì luhò. Ká ní ó ti luhò ni, ilé ìwòsàn ni ǹ bá rán yín lọ, kí wọ́n fọ ibẹ̀ kí wọ́n sì dí i. Èyí ṣì wà lásìkò. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á luhò." Ó wá yíjú sí Ọmọ́lẹ́yẹ. "Ìyá ọmọ, kí lẹ wí?"

 Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Ọmọ́lẹ́yẹ kúnlẹ̀ fún, níwájú gbogbo èèyàn.

"Màmá, ti Kọ́láwọlé ti lọ, kò lè padà. Èmi ni mo sọ fún un pé á hù. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká dá ti eléyìí sí."

Màmá wò ó. Ó wo ọmọ kékeré tó ṣì la ẹnu sílẹ̀, tí itọ́ ń dà sí aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ó rọra jókòó padà.

"Ẹ tì í," ló wí. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa tì í, ẹ tì í dáadáa."

Ejiroghene mú eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ ojú rẹ̀, ó fi omi kan tó kan díẹ̀ pa á kí síìlì lè dì mọ́ ọn, ó ṣan án, ó fi òwú gbẹ ẹ́. Ó kun síìlì náà sí i, ó tan iná aláwọ̀ búlúù kan sí i, ó sì le. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń lu eyín. Adéọlá ní kò dun òun, ó kàn korò lẹ́nu.

"Síìlì kọ̀nténà ṣe é já, èyí náà ṣe é já," Ejiroghene kìlọ̀. "Ẹ máa mú un wá ká máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kó sì máa fọ ẹnu láàárọ̀ àti kó tó sùn. Síìlì ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì o."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ńkọ́?" Màmá béèrè. "Ṣé tiẹ̀ ti pẹ́ jù?"

"Kò pẹ́. Eyín ẹ̀yìn mìíràn máa ń hù tí ọmọ bá tó bí ọdún méjìlá. Ẹ mú un wá bá wa ní ibùdó ìlera."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá fúnra rẹ̀ ló fa Kọ́láwọlé lọ́wọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń ti ọmọkùnrin náà. Nígbà tí Báyọ̀ dé láti ìrìn àjò, ìyá rẹ̀ ló jókòó tì í tó ṣàlàyé síìlì fún awakọ̀ kọ̀nténà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́. Eyín ẹ̀yìn tó ń hù ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà kì í ṣe eyín ọmọdé, òun náà ni ọmọ yín á fi jẹun dọjọ́ alẹ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá elétò ìlera eyín, kẹ́ ẹ sì béèrè síìlì. Ẹ tún padà lọ nígbà tí èyí tó ń hù ní bí ọdún méjìlá bá dé. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì ni kó máa lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì dín nǹkan dídùn kù. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun fẹ́ fi èéfín tàbí oògùn olómi yọ kòkòrò lẹ́nu ọmọ yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Ní ti Màmá, ó ti di ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sá fún. Ó ti la ẹnu Collins wò, ó ti la ti àwọn tó kù. Ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́fà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í, kó tó gba ìkíni rẹ̀: "Ta ló ti yẹ ẹ̀yìn ẹnu ẹ wò?" Ẹ bi ọmọ tiyín náà lónìí.